Ẹ Dín Eré Yín Kù: Ìkìlọ̀ fún Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Múra Máratọ́ọ̀nù ní Dọ̀pẹ̀mú

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi ní Dọ̀pẹ̀mú, ní Akówónjo, ní Ẹgbẹ́dá, títí dé Ìkòtún àti Ìgándò, ọ̀rọ̀ eré tí ẹ ń sá láàárọ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ. Inú mi ń dùn sí i, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà mí. Inú mi ń dùn nítorí pé lówùúrọ̀ Sátidé, kí dánfó tó kún abẹ́ bíríìjì Dọ̀pẹ̀mú, ẹ ti wà lójú títì, tọmọdé tàgbà, ọ̀pọ̀ yín nínú aṣọ ẹgbẹ́. Bí ẹ ṣe ń sáré náà ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹ ń yára jù.

Kì í ṣe ọjọ́ ìdíje ni mò ń wí. Ẹni tó bá fẹ́ lo gbogbo agbára rẹ̀ lọ́jọ́ ìdíje, ọjọ́ rẹ̀ nìyẹn. Àwọn ọjọ́ yòókù ni mò ń wí: eré àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ti Ọjọ́bọ̀, eré gígùn ti òpin ọ̀sẹ̀, àwọn ọjọ́ tó yẹ kí ara fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń pẹ́ lójú ọ̀nà. Láti ọdún 2016 tí Access Bank Lagos City Marathon ti bẹ̀rẹ̀, Oṣù Kejì ni wọ́n máa ń sá a, láti pápá ìṣeré National Stadium ní Sùúrùlérè dé Eko Atlantic ní Victoria Island, kìlómítà 42 àti mítà 195. Ẹ̀yin tí ẹ ń fojú sọ́nà fún un, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sọ́kàn pé ẹsẹ̀ tó máa dá èèyàn dúró lóṣù Kejì, inú Oṣù Kọkànlá àti Oṣù Kejìlá ló sábà máa ń bàjẹ́, ní àdúgbò ẹni, láàárọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bá wa díje.

Báwo wá ni eré jẹ́jẹ́ ṣe gbọ́dọ̀ jẹ́jẹ́ tó? Ó gbọ́dọ̀ jẹ́jẹ́ débi tí ẹ fi lè bá ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín sọ̀rọ̀ dáadáa. "Bẹ́ẹ̀ ni" àti "rárá" kò tó. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta, kí ẹ mí, ọ̀rọ̀ mẹ́ta míì, ìyẹn náà kò tó. Kí ẹ lè ròyìn bí ọjà ṣe rí lánàá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìmí hẹlẹhẹlẹ. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ jáde, ẹ máa ki oríkì ìdílé yín sókè. Bí ẹ bá ní láti gé e láàárín kí ẹ lè rí èémí fà, eré yẹn ti pọ̀ jù, ẹ dín in kù lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá ti dín in kù tí èémí ò tíì wálẹ̀, ẹ máa rìn. Kò sí ìtìjú níbẹ̀ rárá. Ìrìn wà lára ìmúra.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ parí máratọ́ọ̀nù ní wákàtí mẹ́rin, nǹkan bí ìṣẹ́jú 5 àti ìṣẹ́jú-àáyá 41 ló máa lò lórí kìlómítà kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ náà. Eré jẹ́jẹ́ ti onítọ̀hún yẹ kó wà láàárín ìṣẹ́jú 6 àbọ̀ sí ìṣẹ́jú 7 àti díẹ̀. Ẹni tó ń wá wákàtí márùn-ún, ìṣẹ́jú 7 àti ìṣẹ́jú-àáyá 7 ni tirẹ̀ lọ́jọ́ ìdíje. Eré jẹ́jẹ́ tirẹ̀, ìṣẹ́jú 8 sí ìṣẹ́jú 9, tòun ti ìrìn tó bá fi há a. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárọ̀. Ẹni tó ń wá wákàtí márùn-ún ń fi ìṣẹ́jú 6 sá kìlómítà kan láti Dọ̀pẹ̀mú dé Ìyànà Ìpájà, ó ń fún eyín pọ̀, ó sì ń wo aago ọwọ́ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Eré tó ń sá lójoojúmọ́ yára ju èyí tó fẹ́ sá lọ́jọ́ ìdíje lọ. Ara wo ló máa gba irú ìyẹn fún oṣù mẹ́rin?

Àwọn tó mọ̀ ọ́n sá jù láyé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Eliud Kipchoge ará Kẹ́ńyà lo wákàtí 2, ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú-àáyá 9 lórí máratọ́ọ̀nù nílùú Berlin lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2022. Ìyẹn kò tó ìṣẹ́jú 3 lórí kìlómítà kan. Àmọ́ nígbà tó bá ń sá eré jẹ́jẹ́ ní Kaptagat níbi tó ti ń múra, òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń dín in kù ní ohun tó ju ìṣẹ́jú kan lọ lórí kìlómítà kọ̀ọ̀kan, pàápàá níbẹ̀rẹ̀. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Stephen Seiler, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń ṣiṣẹ́ ní Norway, fi ọ̀pọ̀ ọdún wo bí àwọn ìlúmọ̀ọ́ká eléré ìfaradà ṣe ń múra. Ó rí i pé nínú ìgbà márùn-ún tí wọ́n bá jáde, bí ìgbà mẹ́rin ló jẹ́ jẹ́jẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló máa ń le. Tiwa ní àdúgbò, ìgbà márùn-ún ló ń le.

Ẹni tó bá ní aago tó ń ka bí ọkàn ṣe ń lù lè yọ ọjọ́ orí rẹ̀ kúrò nínú 220. Ẹni ogójì ọdún, 180 ló kù. Kí eré jẹ́jẹ́ rẹ̀ má ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìyẹn lọ, nǹkan bíi 135 ní ìṣẹ́jú kan. Ìṣirò yìí kì í bá gbogbo ara mu, nítorí náà bí aago bá sọ̀kan tí èémí yín sì sọ òmíràn, èémí yín ni kí ẹ gbọ́.

Ohun kan tún wà tó kan àwa ará Èkó ju ará Kẹ́ńyà tàbí ará London lọ, ooru àti ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ wa ni. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin agbára tí iṣan bá lò ló ń di ooru nínú ara. Ọ̀nà tí ara ń gbà lé e jáde ni òógùn, àmọ́ òógùn tó bá gbẹ lára nìkan ló ń tu ara. Èyí tó bá kán sílẹ̀ ti ṣòfò. Ẹ wo ara yín lẹ́yìn kìlómítà márùn-ún láàárọ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá: ẹ̀wù ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, omi ń kán láti ìgúnpá, ìbọ̀sẹ̀ ti tutù nínú bàtà, síbẹ̀ ara ṣì ń gbóná sí i. Inú afẹ́fẹ́ ti kún fómi tẹ́lẹ̀, òógùn kò ríbi gbà lọ. Lásìkò yẹn, ọkàn ní láti pín ẹ̀jẹ̀ sí ọ̀nà méjì, apá kan fún iṣan ẹsẹ̀, apá kan fún awọ ara kí ó lè tutù. Ìdí nìyẹn tí eré kan náà fi máa ń mú ọkàn lù kíákíá ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn ìlànà tí ẹ ń rí lórí fóònù, ibi tí òtútù wà ni wọ́n ti ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹ fi ìdajì ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kún un fún kìlómítà kọ̀ọ̀kan, ẹ má sì jẹ́ kó dùn yín. Nígbà ọyẹ́, ní nǹkan bí Oṣù Kejìlá àti Oṣù Kìíní, òdìkejì rẹ̀ la máa ń rí: òógùn ń gbẹ kíákíá débi pé èèyàn ò ní mọ̀ pé omi ti ń tán lára òun, eruku á sì máa di ọ̀fun. Ẹ̀yin tí ẹ ní àìsàn ikọ́ fée, ẹ má jáde láìmú ẹ̀rọ ìfàsímú (inhaler) yín dání.

Bí ẹ bá rò pé eré tí èèyàn fi ń sọ̀rọ̀ jẹ́ ti àwọn aláìlágbára, ẹ gbọ́ ìtàn yìí. Ní New Zealand, olùkọ́ eré sísá kan wà tó ń jẹ́ Arthur Lydiard. Méjì lára àwọn ọmọ tó kọ́, Peter Snell àti Murray Halberg, gba wúrà lọ́jọ́ kan náà ní ìdíje Òlíḿpíìkì Róòmù ọdún 1960. Ní ìlú Auckland, Lydiard tún kó àwọn àgbàlagbà jọ, àwọn kan tí àìsàn ọkàn ti dá wó rí wà lára wọn, ó sì ń kọ́ wọn láti máa sáré pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìlànà rẹ̀ ni pé kí wọ́n kọ́ ara, kí wọ́n má fìyà jẹ ẹ́. Lọ́dún 1962, Bill Bowerman, olùkọ́ eré sísá láti Oregon ní Amẹ́ríkà, ẹni tó wá wà lára àwọn tó dá Nike sílẹ̀, lọ kí Lydiard. Ẹni ọdún 51 ni, ó sì gbà pé ara òun le. Wọ́n ní kó bá ẹgbẹ́ náà jáde. Kò pẹ́ tí èémí fi gbé e. Bàbá arúgbó kan tó ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún, tí ọkàn ti ṣe é léṣe rí, ló dá ẹsẹ̀ dúró dè é, tó ń bá a tàkúrọ̀sọ lọ lójú ọ̀nà, nígbà tí Bowerman alára kò rí ohùn fi dáhùn. Ó padà sílé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ará ìlú rẹ̀ ní eré jẹ́jẹ́, ó sì bá dókítà kan kọ ìwé lórí rẹ̀ lọ́dún 1967. Èémí tó kù fún ọ̀rọ̀ sísọ ni bàbá arúgbó yẹn fi dé ibi tó ń lọ.

Kí ló wà nínú ara tó fi yẹ ká máa sá jẹ́jẹ́? Ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró máa ń tètè lágbára. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, èèyàn á ti mọ̀ pé òun ò mí hẹlẹhẹlẹ mọ́ bíi tàtijọ́. Ṣùgbọ́n egungun àti iṣan tó so ẹran mọ́ egungun kì í bá wọn rìn. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ibi irú iṣan bẹ́ẹ̀ kéré, oṣù púpọ̀ sì ni àwọn méjèèjì fi ń le. Ibi tí ewu wà gan-an nìyẹn: oṣù kejì tàbí ìkẹta, tí èémí ti dáa, tí ẹ rò pé ẹ ti lágbára, tí ojúgun kò tíì ṣe tán. Ó máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìrora díẹ̀ níwájú ojúgun tàbí lókè gìgísẹ̀, tí á lọ bí ẹ bá ti gbóná tán. Lẹ́yìn náà kò ní lọ mọ́. Lẹ́yìn náà á máa dun yín lórí ibùsùn. Egungun tó bá sán báyìí, ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, ìgbà míì jù bẹ́ẹ̀ lọ, láìsáré rárá. Ẹ ronú ohun tó jẹ́ fún ẹni tó ń dúró tajà láti àárọ̀ dálẹ́, tàbí tó ń fẹsẹ̀ tẹ bíréèkì nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ẹgbẹ́dá. Àtijẹ ni ó kàn, ó ju eré lọ. Bí ibì kan bá ń dùn yín tí ẹ lè fi ìka kan tọ́ka sí, tó sì ń dùn bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ dá eré dúró, ẹ lọ rí dókítà. Ẹ má fi ìpara ìrora bò ó mọ́lẹ̀.

Èrè eré jẹ́jẹ́ náà kò kéré. Òun ló ń kọ́ ara láti máa jó ọ̀rá. Oúnjẹ tí iṣan fi pamọ́ kì í tó fún gbogbo kìlómítà 42, ó sábà máa ń tán lẹ́yìn kìlómítà 30 bí èèyàn bá yára jù. Ẹni tó ti fi oṣù púpọ̀ sáré pẹ̀lẹ́ yóò rí ọ̀rá lò nígbà tí tàwọn yòókù bá ti tán. Afárá Third Mainland, tí ìdíje náà ń gbà kọjá, gùn ju kìlómítà 11 lọ, igi kan kò sí níbẹ̀ tí èèyàn lè sá sábẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ẹni tí kò kọ́ ara rẹ̀ máa ń ṣírò ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ eléyìí. Nǹkan bí ẹni kan nínú mẹ́rin lára wa ní Nàìjíríà ló ní ẹ̀jẹ̀ AS. AS kì í ṣe àìsàn, kò sì ní kí èèyàn má sáré. Ṣùgbọ́n wọ́n ti rí i láàárín àwọn ọmọ ogun tuntun ní Amẹ́ríkà pé bí ẹlẹ́jẹ̀ AS bá fi gbogbo agbára sáré láìsinmi, nínú ooru, nígbà tí omi bá ti gbẹ lára rẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè yí padà, kí wọ́n dí ojú ọ̀nà, kí iṣan bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Àwọn kan ti bá a lọ. Ẹ mọ jẹ́nótáìpù yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá jẹ́ AS, ẹ gbéra díẹ̀díẹ̀, ẹ sinmi láàárín, ẹ má ṣe bá ẹnikẹ́ni fi agbára gun òkè, ẹ má sì sáré lọ́jọ́ tí ara yín kò bá yá. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ SS tàbí SC, ẹ má gbéra láìjẹ́ pé dókítà yín bá yín ṣètò rẹ̀. Bákan náà ni ẹ̀yin tí ẹ ti lé lẹ́ni ogójì ọdún tàbí tí ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru: ẹ lọ wọn ìfúnpá yín, kí ẹ jẹ́ kí dókítà gbọ́ bí ọkàn yín ṣe ń lù.

Ẹ má lo oògùn ara ríro kí ẹ tó sáré. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbé ibuprofen tàbí diclofenac mì láàárọ̀ Sátidé kí orúnkún má bàa dùn wọ́n lójú ọ̀nà. Oògùn yẹn ń bo ìkìlọ̀ tí ara ń ṣe mọ́lẹ̀, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́ bí omi bá ti dín kù lára. Bí ìtọ̀ yín bá dúdú bíi kóòkì lẹ́yìn eré, tí iṣan sì wú tó ń dùn gan-an, iṣan ti ń yọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ nìyẹn. Ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kì í ṣe lọ́la. Ẹ má sì sáré pẹ̀lú ibà, bó ti wù kó mọ. Ibà kì í bá eré rẹ́. Bí ó bá ti lọ, ẹ rìn fún ọjọ́ mélòó kan kí ẹ tó tún sáré. Ní ti omi, ẹ mu bí òǹgbẹ bá ṣe gbẹ yín. Eré tó bá ju wákàtí kan lọ, ẹ wá nǹkan oníyọ̀ díẹ̀ mọ́ ọn, nítorí omi lásán ní àmujù náà léwu: ó ń dín bí iyọ̀ ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀ kù, orí á sì máa yí èèyàn.

Ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta kì í ṣe pápá eré. Mo rí àwọn kan tó ń sáré nínú ojú ọ̀nà bọ́ọ̀sì BRT, èyí tí wọ́n ṣí láti Abúlé Ẹ̀gbá dé Òṣòdì lọ́dún 2020, nítorí pé ó tẹ́jú. Ẹ jáde níbẹ̀. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì kò retí èèyàn níbẹ̀ ní aago márùn-ún ìdájí. Ẹ gba àwọn òpópónà inú Akówónjo àti Ṣáṣá, níbi tí èéfín ọkọ̀ kò pọ̀ tó ti etí títì. Ẹ kọjú sí ọkọ̀ tó ń bọ̀, ẹ wọ aṣọ tó ń tan nínú òkùnkùn, ẹ má di etí pẹ̀lú orin, kí ẹ sì máa wo ìhà méjèèjì, nítorí ọ̀kadà tó ń ṣe wọ́ọ̀n-wéè kì í fọn fèrè. Pẹ̀lẹ́ tí ẹ bá ń sá yóò ràn yín lọ́wọ́ níbí náà. Ẹni tí èémí rẹ̀ balẹ̀ ló ń ráyè wo ibi tó ń fẹsẹ̀ tẹ̀.

Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ eré, ọwọ́ yín ni ọ̀pọ̀ nǹkan wà. Lọ́jọ́ eré jẹ́jẹ́, ẹ fi ẹni tó lọ́ra jù síwájú, kí ẹnikẹ́ni má kọjá rẹ̀. Ẹ máa bi àwọn ará ní ìbéèrè lójú ọ̀nà, kí ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń dáhùn. Ẹni tó bá ń fi orí dáhùn dípò ẹnu, ẹ ní kó rìn. Ẹ má fi àwòrán eré ẹni tó yára jù láti orí áàpù Strava yangàn nínú WhatsApp ẹgbẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, torí ohun tó ń mú kí ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ fẹ́ para rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ronú kan máratọ́ọ̀nù lẹ́yìn ọdún tuntun, ẹ bá a sòótọ́: ìmúra tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ lóṣù Kẹsàn-án tàbí Oṣù Kẹwàá, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kò lè dí i. Kó dúró de ọdún tó ń bọ̀, tàbí kó sá kìlómítà 10.

Bí ẹnì kan nínú yín bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tó ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò lórí tí kò nídìí, tí ara rẹ̀ gbóná janjan, ẹ má retí pé yóò kọjá. Ẹ gbé e sí ibòji, ẹ tú aṣọ lára rẹ̀, ẹ da omi tútù sí i lára láti orí dé ẹsẹ̀, ẹ máa fẹ́ ẹ, kí ẹ fi yìnyín tàbí omi inú ọ̀rá tó tutù sí ọrùn, abíyá àti abẹ́ itan rẹ̀. Bí kò bá mọ ibi tó wà, ẹ má fún un lómi mu. Láti Dọ̀pẹ̀mú, ilé ìwòsàn LASUTH ní Ìkẹjà súnmọ́ yín. Ẹ̀yin tí ẹ wà lápá Ìgándò, General Hospital Alímọ̀ṣọ́ wà níbẹ̀. Nọ́ńbà pàjáwìrì Èkó ni 112 àti 767. Ẹ kọ wọ́n sínú fóònù gbogbo ẹni tó wà nínú ẹgbẹ́, kí ẹ sì kọ jẹ́nótáìpù yín àti nọ́ńbà ará ilé yín sórí páálí kékeré kan, kó wà nínú àpò ṣòkòtò yín kí ẹ tó jáde ní Sátidé yìí.